Tọ́ọ̀ṣì Wo Ló Yẹ Ká Rà fún Ilé àti fún Ẹ̀bùn?

 

Ọ̀rọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá kò tíì tán. Àwọn kan dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan kún ìrẹsì àti òróró tí a máa ń pín nípẹ̀kun ọdún. Àwọn mìíràn fárígá. Wọ́n ní owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ lọ sórí ohun tí yóò di ìṣeré ọmọdé kí oṣù kejì ọdún tuntun tó parí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Tọ́ọ̀ṣì tó dára máa ń wúlò fún gbogbo ilé, èyí tí kò dára kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó tà á. Ìgbìmọ̀ wá ní kí a ṣe àlàyé díẹ̀ sínú ìwé oṣù yìí, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tó ń nawọ́ sí nígbà tí a bá tún pàdé.

A kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìdí tí èèyàn fi nílò tọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò wa. NEPA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 di PHCN ní 2005, iṣẹ́ pípín iná sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, síbẹ̀ láti Ìyànà-Ìbà títí dé Òkokomáíkò, "NEPA ti mú iná lọ" náà ni a ṣì ń wí. Ní ọdún 2024 nìkan, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí wáyà iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí dá kú. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo sì ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni yóò tún tan jẹnẹrétọ̀ nítorí àtiwá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Àwọn kan ní àbẹ́là ti tó. Àbẹ́là tó ṣubú lórí tábìlì nígbà tí oorun gbé onílé lọ, àwa tí à ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé elérò púpọ̀ mọ ohun tó lè ti ibẹ̀ jáde. Kẹrosíìnì wọ́n, èyí tí wọ́n bá sì fi pẹtiróòlù lù lè bú gbàù mọ́ ẹni tó ń tan àtùpà lọ́wọ́. Ní ti iná ara fóònù, ó dára fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa ilẹ̀ ọjà mọ́ lálẹ́ ní oríta tí ọ̀nà Ìbà ti ya kúrò lára ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú gan-an ni fóònù máa ń kú, ìgbà náà sì ni èèyàn máa ń fẹ́ pe ilé. Fóònù tí a nà jáde láti fi wo gọ́tà, ọmọ ìta lè já a gbà. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún "Ìwọ ta nìyẹn?" Ẹni tó ní tọ́ọ̀ṣì kò ní bèèrè, yóò tan iná sí i, yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó yẹ.

OHUN TÍ TỌ́Ọ̀ṢÌ Ń JẸ

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ alátẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni "Èló ni?" Lójú tiwa, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni "Kí ló ń jẹ?" Tọ́ọ̀ṣì dà bí ẹran ọ̀sìn. Ẹni tó ra ewúrẹ́ ní owó pọ́ọ́kú ṣì máa wá ewé fún un lójoojúmọ́. Owó tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kan ni a máa san án, ṣùgbọ́n owó bátìrì kì í tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Àpẹẹrẹ lásán ni owó tí a fẹ́ dá yìí o, nítorí iye ọjà ń yí padà, kí ẹnikẹ́ni má lọ bá alátẹ jà pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ní báyìí ni kó tà á. Ká ní tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ ₦1,000, ó ń lo bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦300, ó sì ń jẹ méjèèjì tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦2,500, irú bátìrì méjì kan náà ló ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ń jẹ wọ́n. Ní oṣù mẹ́fà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́gbẹ̀rún kan yóò ti jẹ bátìrì ₦15,600. Bí a bá ro owó òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó di ₦16,600. Èkejì yóò gba bátìrì nígbà mẹ́fà, ₦3,600, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,100. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn jẹ́ ₦10,500 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́, tó sì pín tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú yẹn fún wọn, ti mú kí wọ́n da ₦630,000 sí àkìtàn láàrin oṣù mẹ́fà. Ẹ wo iye èèyàn tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè gbé ọjà fún.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń jẹun ju èkejì lọ? Gílóòbù rẹ̀ ni. Gílóòbù àtijọ́ ní wáyà tín-ín-rín nínú. Iná bátìrì yóò mú wáyà yẹn gbóná títí yóò fi pọ́n, ìgbà náà ni yóò tó mọ́lẹ̀. Ooru ni púpọ̀ jù lọ nínú iná bátìrì náà bá lọ, ìmọ́lẹ̀ kò rí ju díẹ̀ gbà níbẹ̀. Bí tọ́ọ̀ṣì bá sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, wáyà lè já, ó parí. Iná tuntun tí à ń pè ní LED kò ní wáyà tó ń gbóná. Ẹyọ ohun kékeré kan bí irúgbìn ló wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iná bátìrì di ìmọ́lẹ̀ tààrà. Ìdí nìyẹn tí bátìrì kan náà fi ń pẹ́ nínú rẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014 nítorí LED aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe, èyí tó ṣílẹ̀kùn fún LED funfun tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì òní. Ohun tí alátẹ ń jù sínú agbọ̀n bí ìgbín, iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ló wà nínú rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ti dàgbà. Oṣù kìíní ọdún 1899 ni wọ́n fún David Misell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gbé ní New York, ní ìwé àṣẹ lórí tọ́ọ̀ṣì alọ́wọ́mú tó ń lo bátìrì. Bátìrì ìgbà náà kò lágbára, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàn ń kọ mànà bíi mọ̀nàmọ́ná ni, kó tó sinmi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ lo bátìrì Berec nígbà èwe yín á rántí pé ti ayé ìgbà yẹn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ bí òru bá ti jìn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Kì í ṣe iye ojú iná tó wà lórí tọ́ọ̀ṣì ló ń sọ bó ṣe dára sí. A ti rí èyí tó ní ojú tó lé ní ogún, tó mọ́lẹ̀ yòò bí wọ́n ti ń tàn án níwájú wa, àmọ́ gbogbo ojú wọ̀nyẹn ló ń jẹun. Fún ilé, ojú kan tó dára tó. Ẹ kò fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì pe ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi wá pé kí ló dé tí tọ́ọ̀ṣì LED kékeré fi sábà máa ń gba bátìrì mẹ́ta. Bátìrì tuntun kọ̀ọ̀kan ní agbára fóòltì kan ààbọ̀. LED funfun ń fẹ́ tó fóòltì mẹ́ta kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bátìrì méjì dé ibẹ̀ ṣánṣán nígbà tí wọ́n wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rẹ̀ díẹ̀ báyìí, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ṣì kù nínú wọn. Bátìrì mẹ́ta ní àlékún, nítorí náà iná kì í tètè ṣú. Tọ́ọ̀ṣì mìíràn wà tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń gbé agbára bátìrì kan tàbí méjì sókè. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i, àfi kí a tàn án wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

BÁTÌRÌ WO?

Èyí tí ẹ lè rà ní ẹnu ọ̀nà yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ń lo bátìrì tó jẹ́ pé ọjà Alábà nìkan ni wọ́n ti ń tà á, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ọ̀nà dí, ẹ ó wà nínú òkùnkùn. Bátìrì ńlá tí a fi ń tẹ́tí sí rédíò, èyí tí wọ́n kọ D tàbí R20 sí lára, wà lórí àtẹ. Bátìrì aago ògiri, tí wọ́n kọ AA sí, wà níbi gbogbo. Èyí tó tún kéré sí i, tí rímóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò, wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bátìrì ńlá kan gbé iná tó ju ìlọ́po mẹ́rin ti aago ògiri lọ. Kí ẹ fi iye tí wọ́n ń ta méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó rí èyí tó jẹ́ èrè.

Bátìrì tí ó pọ̀ jù lórí àtẹ wa, irú bíi Tiger Head tó ń wá láti Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, síńkì ni ìkòkò rẹ̀. Síńkì yẹn pẹ̀lú jẹ́ oúnjẹ iná, ó ń tán díẹ̀díẹ̀ bí bátìrì ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá tán jù, ìkòkò á lu, omi inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Omi yẹn ló ń mú sípíríǹgì tọ́ọ̀ṣì dípẹtà. Nítorí náà, bí iná bá ti ṣú, ẹ yọ bátìrì kúrò lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi tuntun kan ti ògbólógbòó kan lẹ́yìn. Èyí tó lágbára á máa fi ipá ti iná gba ara aláìlágbára kọjá títí yóò fi tu omi. Irú bátìrì tí à ń pè ní alkaline máa ń pẹ́ ju ti síńkì lásán lọ, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tó ń lo tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lálaalẹ́ lè rí èrè níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ayédèrú.

Ti pé kí a sá bátìrì sóòrùn, gbogbo wa la ti ṣe é. Ooru á mú kí ìyókù inú rẹ̀ sáré jáde, kò fi oúnjẹ tuntun kún un. Èyí tí àwọn kan ń fi eyín tẹ̀, tàbí tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ó lè bẹ́ mọ́ èèyàn lójú. Lẹ́ẹ̀dú dúdú inú rẹ̀ tí a máa ń fọ́ fi kun pátákó ìkọ̀wé nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọdé máa fà símú. Ẹ má sì sun bátìrì pọ̀ mọ́ pàǹtí.

ONÍṢÁJÀ Ń KỌ́?

Kò burú, bí ẹ bá mọ irú èyí tí ẹ ń rà. Èyí tí bátìrì inú rẹ̀ wúwo bí òkúta, tó jẹ́ ti òjé, kò fẹ́ kí ebi pa òun rárá. Bí ẹ bá lò ó tán tí ẹ sì jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù méjì, ó lè má gba iná mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀, ṣebí nítorí àìsí iná la ṣe rà á. Ẹni tí kì í rí iná fún ọjọ́ mẹ́rin kò yẹ kó gbára lé e nìkan.

Ti lithium fúyẹ́, ó sì ń pẹ́. Irọ́ ibẹ̀ wà nínú nọ́ḿbà. Bátìrì rògódó gígùn tí wọ́n ń pè ní 18650, èyí tó dára jù lọ kì í sábà gbé ju 3,500 sí 4,000 mAh lọ. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 9,900 sí i lára, ẹ mọ̀ pé ẹnu ni wọ́n fi kún un. Ẹ bèèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá kú ni tọ́ọ̀ṣì náà kú. Èyí tó bá sì ti wú, ẹ má fi sórí iná mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ki í mọ́ ṣájà lórí bẹ́ẹ̀dì kó máa sùn lọ. Awẹ́ gíláàsì kékeré tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀ṣì pé òòrùn ló ń gbà, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó kéré jù láti fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún bátìrì.

BÍ Ó BÁ JẸ́ Ẹ̀BÙN

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ti wúwo jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gba tọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ tí yóò sì gbé e lọ fún ìyá tàbí bàbá nílé lákòókò ọdún. Àgbàlagbà tó ń dìde lóru láti lọ tọ̀, ìṣubú kan lè sọ ọ́ di ẹni tí a ń gbé jókòó. Tọ́ọ̀ṣì tí a bá fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nínú òkùnkùn, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń lọ síwájú tó sì ń padà sẹ́yìn, kí àtàǹpàkò lè mọ ibi tó wà. Èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò mọ́, lẹ́ẹ̀kejì yóò ṣú, lẹ́ẹ̀kẹta yóò máa ṣẹ́jú bí ọkọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU. Ẹ má fi oníṣájà ránṣẹ́ sí ìyá tó ń gbé ibi tí kò sí iná, kó má di pé ọmọ aládùúgbò ni yóò máa bá a gbé e kiri. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ dára ju dúdú lọ, torí tọ́ọ̀ṣì dúdú á sọnù nínú òkùnkùn tí a tìtorí rẹ̀ rà á.

Bátìrì gbọ́dọ̀ bá a lọ, èyí tó wà nínú rẹ̀ àti òmíràn tí a óò tọ́jú. Ẹni tó bá fún ni ní tọ́ọ̀ṣì láìsí bátìrì, ìnáwó ló rán sí onítọ̀hún.

Fún ilé tí ọmọ kékeré wà, ẹ yẹra fún tọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàrin wákàtí méjì péré. Ẹ má dúró dè é pé yóò bá ìgbẹ́ jáde, ẹ má sì fi ipá mú ọmọ bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ lójú ẹsẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ

Ẹ mú bátìrì tiyín dání lọ sí Alábà. Èyí tí alátẹ fi ń dán ọjà wò máa ń jẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà. Ẹ tú ìdí tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tún dè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ojú ìdè rẹ̀ bá ń yọ̀ lónìí, yóò ya lọ́la. Ẹ wo sípíríǹgì bóyá ó ti dípẹtà, ẹ tàn án kí ẹ tún pa á ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ gbọ̀n ọ́n nígbà tó ń mọ́lẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹ tan án sí ibi tó ṣú lábẹ́ tábìlì, torí níta gbangba, ojú oòrùn kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Alátẹ tó bá ní kí ẹ má tú u, ẹ kí i pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tà á, ẹ má bínú sí wa. Oníbàárà tó tún padà wá ra bátìrì lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìṣépè sàn ju ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan tí kò fẹ́ rí yín mọ́.

Ní ti ẹ̀bùn ọdún, ohun tí ìgbìmọ̀ ń gbé wá síwájú yín nìyí. A kò ní ra páálí kankan báyìí. A óò ra oríṣi mẹ́ta, méjì-méjì, tí gbogbo wọn jẹ́ LED olójú kan tó ń lo bátìrì orí àtẹ. A óò fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà tí wọn kì í gbé ibì kan náà: méjì ní Ìyànà-Ìbà, méjì ní Òkokomáíkò, ọ̀kan ní Ìbà, ọ̀kan ní Ọjọ́. Wọn yóò máa lò ó bí wọ́n ṣe ń lo tilé wọn, wọn yóò sì kọ ọjọ́ tí wọ́n fi bátìrì sí i àti ọjọ́ tí ó ṣú sílẹ̀. Kí ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì náà kò burú, ṣebí bó ṣe máa rí nílé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú àwọn mẹ́fà náà, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó wáyé. Kó sì ṣe tán láti kó tọ́ọ̀ṣì, ìwé ọjọ́ àti òkú bátìrì rẹ̀ wá síwájú ẹgbẹ́ lẹ́yìn oṣù kan.